Nọ́ńbà Tí Wọ́n Gé Lẹ́sẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Eré àti Agbára Ọkọ̀ nínú Ìwé Ìròyìn Àwọn Olólùfẹ́ Ọkọ̀

Nọ́ńbà ni ìwé ìròyìn ọkọ̀ fi ń ta ara rẹ̀: agbára ẹṣin mélòó, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó sí 60, máìlì mélòó láàárín wákàtí. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù nígbà tí ọkọ̀ tí ẹnì kan rà, tàbí ẹ̀yà tó so mọ́ ọn, bá kọ̀ láti ṣe ohun tí ìwé ní yóò ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi ṣáájú: irọ́ gbuu ò wọ́pọ̀. Òótọ́ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀. Nọ́ńbà náà wáyé lóòótọ́, àmọ́ wọn ò sọ ibi tó ti wáyé, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n tẹ aago.

Ìwé ìròyìn ní ọkọ̀ mi ń ti orí ìdúró dé 60 máìlì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.2. Mo gbìyànjú títí, 4.6 ló ń fún mi. Ta ló ń purọ́?

Ó ṣeé ṣe kó má sí ẹni tó purọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka aago níbi ìdíje ìdámẹ́rin máìlì ní Amẹ́ríkà. Ìtànṣán iná tín-ín-rín kan máa ń gba ẹsẹ̀ táyà iwájú kọjá. Bí ọkọ̀ bá gbéra, aago kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà tí táyà bá kúrò lójú ìtànṣán náà. Kó tó kúrò, ọkọ̀ á ti rìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn bíi sẹ̀ntímítà 30. Rollout ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá Amẹ́ríkà bíi Car and Driver àti Motor Trend gba àṣà yìí lọ́wọ́ àwọn eléré ìdíje, wọ́n sì ń yọ ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn kúrò nínú iye tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé GPS ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ báyìí, tí kò sí ìtànṣán kankan níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà kan kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ àkókò jù, torí orí ìdúró ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ọkọ̀ tó le dáadáa yóò lo nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lórí rẹ̀. Èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lè lo 0.35. Nígbà tí aago bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ti ń sá tó máìlì mẹ́ta sí mẹ́fà láàárín wákàtí. Odo tí ẹ kà nínú "odo sí 60" kì í ṣe odo, ẹ̀yin sì bẹ̀rẹ̀ láti odo gidi.

Àwọn ìwé ìròyìn tí mo dárúkọ yìí ò fi í pamọ́. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń dán ọkọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ibẹ̀? Nọ́ńbà ló ń rìnrìn àjò lọ sínú ìpolówó àti àríyànjiyàn. Àlàyé a jókòó sílé. Nígbà tí Tesla kéde Model S Plaid, 1.99 ni wọ́n kọ gàdàgbà. Pé wọ́n ti yọ rollout kúrò wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní.

Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn ń wọn odo sí kìlómítà 100, ìyẹn máìlì 62, láti orí ìdúró gan-an. Ẹ má fojú di máìlì méjì yẹn. Bí gíà kejì ọkọ̀ kan bá gbé e dé 61 péré, awakọ̀ gbọ́dọ̀ yí gíà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dé 62, ọkọ̀ náà yóò sì dà bí ọ̀lẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n sí 60.

Ṣé ojú ọ̀nà àti ojú ọjọ́ lè yí nọ́ńbà padà tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n lè yí i padà. Plaid yẹn kan náà ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2021, Tesla ní kí Motor Trend dán an wò lórí ilẹ̀ ìdíje tí wọ́n ti da kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ táyà sí. Ó ṣe 1.98. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sórí ọ̀dà lásán, ó di 2.07. Ìwé ìròyìn náà tẹ méjèèjì jáde, mo sì gbé òṣùbà fún wọn, àmọ́ èwo nínú méjèèjì ni ẹ ti gbọ́ rí?

Ojú ọjọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì ń mí. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń fẹ́lẹ́ tó, ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo sì ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà tó bá gùn sókè. Ìdí nìyí tí àwọn olùdánwò fi ń ṣe ìṣirò láti gbé nọ́ńbà padà sí bí yóò ti rí létí òkun. Ìṣirò náà tọ́ fún ẹ́ńjìnnì lásán. Ẹ́ńjìnnì turbo ńkọ́? Turbo fúnra rẹ̀ ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ láti dí àlàfo yẹn. Bí ẹ bá tún wá fún un ní ẹ̀bùn ìṣirò kíkún, agbára tí kò sọnù ni ẹ ń dá padà. Ọkọ̀ oníná kò mí atẹ́gùn rárá, kò sì yẹ kí ó gba ohunkóhun lórí ẹ̀tọ́ yìí.

Kí ló fà á tí ọkọ̀ ọdún 1970 fi ní ẹṣin 370, tí irú rẹ̀ ọdún 1972 sì ní 255? Ṣé ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n bàjẹ́?

Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Corvette LT-1 lẹ ń sọ. Títí di ìparí ọdún 1971, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbé ẹ́ńjìnnì nìkan sórí àga ìdánwò láìsí nínú ọkọ̀, wọ́n á yọ fílítà afẹ́fẹ́, wọ́n á tú sàlẹ́ńsà, alternator àti fáánù ò ní yí pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á sì tún iná rẹ̀ ṣe dé ibi tó ti dùn jù. Iye tó bá fún wọn ni wọ́n ń pè ní gross. Láti ọdún 1972 ni wọ́n gbà láti máa tẹ net jáde: ẹ́ńjìnnì bí ó ti wà nínú ọkọ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó ń gbé.

Ọdún 1971 ló jẹ́ kí a rí i kedere, nítorí General Motors tẹ méjèèjì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. LT-1 ọdún náà jẹ́ 330 ní gross, ó jẹ́ 275 ní net. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹṣin 55 sì ti fò lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan bóòtù kan. Torí náà láti 370 dé 255, apá kan jẹ́ ìdínkù gidi (wọ́n ti ń dín ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì kù nígbà yẹn nítorí epo tí kò ní òjé), apá tó kù jẹ́ ìyípadà òṣùwọ̀n. Bí ìwé ìròyìn bá gbé ọkọ̀ ọdún 1969 ka ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òní láì sọ ọ̀rọ̀ yìí, òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń wọn ẹrù kan.

PS àti hp, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá, ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ra. Òṣùwọ̀n agbára ẹṣin ni méjèèjì: PS ni ti àwọn ará Yúróòpù àti Japan, hp ni ti Amẹ́ríkà. PS kan jẹ́ wáàtì 735.5, hp kan jẹ́ 745.7. Ọkọ̀ tó ní PS 500 ní hp 493. Bí òǹkọ̀wé bá kọ "ẹṣin 500" lásán, ẹṣin méje ló ti gbà lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń dín nọ́ńbà tiwọn kù?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Chevrolet kọ ẹṣin 430 sí ẹ́ńjìnnì L88 tó wà nínú Corvette láti 1967 dé 1969, nígbà tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ju 500 lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń wo nọ́ńbà nígbà yẹn, olówó tí kò mọ ìdíje sì lè ṣì í rà bí wọ́n bá kọ iye rẹ̀ gan-an. Ní Japan ẹ̀wẹ̀, láti 1989 dé 2004, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fẹnu kò pé kò sí ọkọ̀ tí yóò ju PS 280 lọ. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkọ̀ aláré lóríṣiríṣi ní "280", àní Nissan Skyline GT-R tí dyno, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, kò gbà fún rárá. Òǹkàwé tó fi àwọn ìwé ìgbà náà ṣe àfiwé, 280 pẹ̀lú 280 ló fi wé ara wọn.

Ta ni ọwọ́ ti tẹ̀ rí tó ń fi nọ́ńbà kún nọ́ńbà?

Ford kọ ẹṣin 320 sí Mustang SVT Cobra ọdún 1999. Àwọn tó rà á gbé e lọ sórí dyno, iye tó jáde kò bá a mu. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ford dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n pe gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n pààrọ̀ páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ, wọ́n sì fi sàlẹ́ńsà tuntun sí i.

Mazda kọ 155 sí Miata ọdún 2001, lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́wọ́ pé 142 ni, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ padà kó gbé e wá. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ sí RX-8 wọn, láti 247 bọ́ sí 238. Tesla náà kọ 691 sí Model S P85D ní 2014. Agbára tí mọ́tò iwájú àti ti ẹ̀yìn lè gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rò pọ̀. Bátìrì ò lè bọ́ méjèèjì pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ iye tí bátìrì lè gbé jáde gan-an, 463 ni.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ra Cobra fúnra wọn ni wọ́n tú àṣírí tirẹ̀. Ìwé ìròyìn ti tẹ 320 jáde, ó ti lọ sórí ọkọ̀ mìíràn.

Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn akọ̀ròyìn dán wò ni wọ́n ń tà fún wa?

Ó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó lókìkí jù lọ lórí èyí ni ti Pontiac GTO. Ní oṣù kẹta 1964, Car and Driver gbé ọkọ̀ yìí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ferrari GTO, wọ́n sì ya àwòrán àwọn méjèèjì tí wọ́n ń lé ara wọn sójú ìwé àkọ́kọ́. Ferrari ọ̀hún ò wá síbi ìdánwò rárá. Orí ìwé nìkan ló ti sáré. Pontiac ní tirẹ̀ dé 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.6, ó sì parí ìdámẹ́rin máìlì ní 13.1. Nọ́ńbà náà dá ariwo sílẹ̀, ó ta ọkọ̀, ó sì gbé orúkọ ìwé ìròyìn náà ga.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí pẹ́ ju ogún lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Jim Wangers, tó ń bójú tó ìpolówó Pontiac nígbà náà, jẹ́wọ́ pé ẹ́ńjìnnì 389 (nọ́ńbà yìí ni bó ṣe tóbi tó ní ínǹṣì oníhà mẹ́ta) tí wọ́n ń tà fún ará ìlú kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi 421 tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Lóde, àwọn méjèèjì jọra débi pé ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò lè fi ojú lásán mọ̀.

Lónìí, ẹ̀tàn ò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ṣòro láti bá a wí. Wọ́n á fi táyà tó sún mọ́ ti ìdíje sí ọkọ̀ ìdánwò, táyà tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sanwó lé lórí kó tó rí gbà, tí kò sì ní fẹ́ fi rin nínú òjò. Wọ́n á yan ìjókòó fífúyẹ́, wọ́n á yan bíréèkì olówó gọbọi. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ lóòótọ́, nínú àpótí kékeré tó wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ìbéèrè mi nígbà gbogbo ni: táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?

Ìpolówó kan ní fílítà afẹ́fẹ́ yóò fi ẹṣin 15 kún ọkọ̀ mi, ó sì fi àwòrán dyno hàn. Ṣé àwòrán ń purọ́ ni?

Èmi náà ra ọ̀kan rí. Ohun tó fi kún ọkọ̀ mi ni ariwo.

Dyno dára gan-an fún mímọ ohun tó yàtọ̀ láàárín àná àti òní lórí ọkọ̀ kan, lórí ẹ̀rọ kan. Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi dyno sọ ohun tó wù ú náà sì pọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ yàtọ̀ síra. Dynojet máa ń jẹ́ kí táyà yí ìlù irin ńlá kan, ó sì ń wo bí ìlù náà ṣe ń yára tó. Mustang, ìyẹn orúkọ ilé iṣẹ́ dyno mìíràn tí kò bá ọkọ̀ Ford tan, ń fi ẹrù dí ìlù náà lọ́wọ́. Dynojet sábà máa ń fúnni ní nọ́ńbà tó ga jù. Ẹni tó wọn "ṣáájú" lórí èkejì, tó wọn "lẹ́yìn" lórí èkíní, ti rí ẹṣin kí ó tó ṣí àpótí fílítà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìṣirò ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní STD gbà pé ọjọ́ tutù, nǹkan bí 15.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí wọ́n ń pè ní SAE gbà pé 25 ni, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ díẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ tó fún yín ní 300 lórí SAE yóò fún yín ní bíi 312 lórí STD. Bọ́tìnì kan péré ni wọ́n tẹ̀. Ẹ wo igun àwòrán náà; bí wọn ò bá kọ SAE tàbí STD síbẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé tó kàn.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tún wà: ẹ́ńjìnnì tó gbóná kọjá ààlà nígbà "ṣáájú" tó sì ti tutù nígbà "lẹ́yìn", bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí, fáánù tí wọ́n sún mọ́ iwájú, afẹ́fẹ́ inú táyà. Ohun tó ń bí mi nínú jù lára wọn ni kí wọ́n yí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fi fílítà sí i, kí wọ́n wá fi gbogbo èrè náà jọ fílítà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́, ẹ tún wo ibi tí 15 yẹn wà lórí ìlà. Agbára ẹṣin jẹ́ torque (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan, ní páùnù-ẹsẹ̀ bàtà) tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, tí a wá fi 5,252 pín. Èyí túmọ̀ sí pé torque kékeré lè di ẹṣin púpọ̀ lókè ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ké. Èrè 15 ní 6,800 jẹ́ òótọ́. Ẹ kì í wakọ̀ ní 6,800. Bí ìlà méjèèjì bá gun ara wọn láti 2,000 dé 5,500, ohun tí ẹ rà kò ṣe nǹkan kan níbi tí ẹ ti ń lò ó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀tàn ìdá tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Dyno ń wọn agbára ní ẹsẹ̀ táyà. Gíà àti àwọn irin tó ń yí ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á ní ká fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dá a padà: 255 lẹ́sẹ̀ táyà di 300 lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ta ló ní 15 ni? Bí ẹni tó ń tà á bá lo 20, 255 kan náà di 319. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe èyí tí wọ́n rò.

Oògùn inú epo àti inú ọ́ìlì ńkọ́? Ọ̀kan ní òun ń gbé octane sókè ní "pọ́íǹtì méje".

Octane ni nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Pọ́íǹtì méje, ní èdè àwọn tó ń tà á, jẹ́ 0.7 octane. Pọ́íǹtì kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Epo 91 yín yóò di 91.7, kò ní di 98. Mi ò tíì rí nọ́ńbà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tó mọ́lẹ̀ tó èyí.

Ti ọ́ìlì dé iwájú ìjọba. Federal Trade Commission, àjọ tó ń bójú tó òwò ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan àwọn tó ń ta oògùn ọ́ìlì Slick 50 pé kò sí ẹ̀rí fún ohun tí wọ́n ń sọ pé ó ń dín jíjẹ ẹ́ńjìnnì kù àti pé ẹ́ńjìnnì wà láìní ààbò bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á. Ọ̀rọ̀ náà parí sí àdéhùn ní 1997. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bá ilé iṣẹ́ SplitFire wí lórí pulọ́ọ̀gì wọn tí wọ́n ní ó ń dín epo kù. Environmental Protection Agency, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, náà ti dán ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n ní ó ń fi epo pamọ́, díẹ̀ bíńtín ló ṣe àǹfààní kankan. Irú ìpolówó báyìí máa ń wà nínú ìwé ìròyìn àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ títí di ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Kí ló dé tí àwọn olóòtú kì í fi ń sọ̀rọ̀ sí i?

Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Owó ìpolówó ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ọkọ̀ ró, owó orí àtẹ kò tó nǹkan. Ilé iṣẹ́ tó ń ta fílítà ló ra ojú ìwé 34. Ojú ìwé 36 ni wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ àkànṣe, tí wọ́n sì ń so fílítà yẹn kan náà mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á. Ẹ ò ní rí ìtàn tó parí sí "a so ó, kò ṣe nǹkan kan, a yọ ọ́". Wíwá tí mo wá irú rẹ̀ kì í ṣe ti ọdún kan.

Ọwọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sì gùn. Ní oṣù kẹrin 2005, General Motors fa gbogbo ìpolówó rẹ̀ kúrò nínú Los Angeles Times lẹ́yìn tí Dan Neil, tó ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ níbẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu Pontiac G6 wọn. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tó ní oríṣiríṣi olùpolówó lè fara da ìyẹn. Ìwé ìròyìn ọkọ̀ tí olùpolówó rẹ̀ ò ju ogún lọ ńkọ́?

Consumer Reports gba ọ̀nà mìíràn: wọn kì í gba ìpolówó, wọ́n sì ń fi owó ara wọn ra ọkọ̀ tí wọ́n ń dán wò bí oníbàárà lásán. Kíkọ̀wé wọn gbẹ bí àkọsílẹ̀ àwọn adájọ́, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe lákànṣe wá fún wọn.

Ṣé a lè gba àwọn nọ́ńbà eré àṣeparí gbọ́?

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi wọ́n. Ṣé ìhà kan ni wọ́n sá tàbí ìhà méjèèjì? Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lè sá a? Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ ń ran ìhà kan lọ́wọ́, ìdí nìyí tí àmì ẹ̀yẹ gidi fi ń béèrè fún àlọ àti àbọ̀. Bugatti Chiron dé kìlómítà 490.484 láàárín wákàtí ní Jámánì ní 2019, ìhà kan ṣoṣo ni. Ṣáájú rẹ̀, Bugatti Veyron Super Sport ṣe 431 ní ìhà méjèèjì ní 2010, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tà fún oníbàárà ni wọ́n dí mọ́ 415 nítorí táyà. Guinness gba àmì ẹ̀yẹ náà padà ní 2013, wọ́n tún dá a padà lẹ́yìn náà.

Ti SSC Tuatara tún wá burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n ní ó ṣe ìpíndọ́gba máìlì 316.11 láàárín wákàtí ní ìpínlẹ̀ Nevada, ibi gbogbo ló sì gbé e. Àwọn tó wo fídíò náà fara balẹ̀ ka àmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ṣírò gíà rẹ̀, wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún sá ní oṣù kìíní 2021, 282.9 ni. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà ní oṣù keje pé 316 ò wáyé.

Nürburgring ńkọ́?

Pápá ìdíje ọkọ̀ ní Jámánì ni, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń díje lórí àkókò tí ọkọ̀ fi yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Kí 2019 tó dé, ọ̀pọ̀ ń ka aago lórí kìlómítà 20.6, tí wọ́n ń fo ọ̀nà tààrà kékeré kan. Lẹ́yìn náà ni òfin ibẹ̀ wá béèrè 20.832 tó pé pérépéré. Porsche 911 GT2 RS kan fi ìyàtọ̀ náà hàn ní 2021, lójú ìsáré kan náà: 6:38.835 lórí èyí tó kúrú, 6:43.300 lórí èyí tó pé. Ẹ má ṣe gbé ti 2015 wé ti òní.

Mo fi fóònù ya fídíò spídómítà mi. Ó dé 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ṣé ẹ̀rí nìyẹn?

Ẹ̀rí pé spídómítà ń lawọ́ ni. Òfin àjọ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé kò gbà kí spídómítà sọ iye tó kéré sí eré gidi, ṣùgbọ́n ó gbà á láàyè láti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àti kìlómítà mẹ́rin kún un. Bí ọkọ̀ bá ń sá 100 gan-an, spídómítà lè kọ 114 láìrú òfin. Ẹ ra ẹ̀rọ GPS kékeré tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, ẹ sá a ní ìhà méjèèjì níbi tí ìjọba ti gbà yín láyè láti sáré, kí ẹ sì wá ìpíndọ́gba wọn.

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀, èwo lẹ gbà gbọ́ jù?

Méjì. Èkíní ni 5 sí 60, tí Car and Driver máa ń fi kún tiwọn: ọkọ̀ ti ń yí díẹ̀díẹ̀ kí awakọ̀ tó tẹ̀ ẹ́, kò sí fífi kílọ́ọ̀ṣì jóná, ó sì sún mọ́ bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Ẹ fi wé odo sí 60 ọkọ̀ náà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá fẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ọgbọ́n ìgbéra ló ṣe é, agbára kọ́.

Èkejì ni eré tí ọkọ̀ ń sá nígbà tó bá ń jáde ní ìparí ìdámẹ́rin máìlì. Ìgbéra tó dára lè gé ìṣẹ́jú-àáyá kúrò, ṣùgbọ́n kò lè fi púpọ̀ kún eré ìparí. Agbára àti ìwúwo ló ń pinnu ìyẹn. Àwọn eléré ìdíje ní ìṣirò kan fún un: ẹ fi 234 pín eré náà ní máìlì, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ àti awakọ̀ ní páùnù. Kò pé régí, àmọ́ kì í jìnnà.

Ẹ dán an wò lórí Pontiac ọdún 1964 yẹn. Máìlì 115 ni wọ́n ní ó ń sá nígbà tó parí. Ká ní ọkọ̀ náà àti awakọ̀ rẹ̀ wúwo tó páùnù 3,600. Èsì rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 427. Iye tí Pontiac kọ sí èyí tó lágbára jù nínú ẹ́ńjìnnì 389 náà, ní gross pàápàá, jẹ́ 348. Nọ́ńbà 115 yẹn ti wà lójú ìwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.